Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Aláṣẹ Red Cross Ilẹ̀ Amẹ́ríkà: Háítì Ní Red Cross Tirẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ aláṣẹ àti ọ̀gá àgbà Red Cross ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní Washington,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́.

Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, mo sì mọ̀ pé ẹ kò gbọ́ ọ. Ẹ ó wá ògbufọ̀ ni. Àwọn ará Campeche, àdúgbò kan tó gun orí òkè ní Port-au-Prince, náà nílò ògbufọ̀ nígbà tí iṣẹ́ gbé yín dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àjèjì tí ẹ fi ṣe ọ̀gá ní Háítì kò gbọ́ Faransé, wọn kò sì gbọ́ Kreyòl tí tọmọdé tàgbà ń sọ níbẹ̀. Ẹ fara dà á fún mi bí wọ́n ti fara dà á fún yín. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń kà á lẹ́yìn wọn, ní Brooklyn, ní Houston, ní Peckham, àti ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ̀yin ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Ìjì Melissa ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2025, bí ó ti ń lọ fọ́ Jàmáíkà, òjò rẹ̀ ń rọ̀ lé gúúsù Háítì lórí. Odò La Digue ní Petit-Goâve kún àkúnya, ó gbé ilé, ó sì gbé ènìyàn tó lé ní 20 lọ. Ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí àtẹ̀jíṣẹ́ “ẹ dáwó, ẹ dáwó” láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ lóríṣiríṣi fi kún fóònù wa. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, igbá ìdáwó dé iwájú mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò mi. Ọwọ́ náà kò jáde.

Ọdún 2010 ló dì í mú.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní ọdún 2010, nígbà tí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú méje, ilẹ̀ mì ní Háítì. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.0, itòsí Léogâne, ní ìwọ̀-oòrùn Port-au-Prince, ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Iye àwọn tó kú ṣì ń fa àríyànjiyàn títí dòní: ìjọba Háítì ní ó lé ní 300,000, àwọn mìíràn ní kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn tí kò rílé sùn mọ́ tó mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níhìn-ín, ike ọ̀dà kan ni wọ́n fọ̀, wọ́n fi ọ̀bẹ la ìdérí rẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé ọjọ́ ìsinmi wá ń gbé e kiri. Nígbà tí yóò fi dé ìjókòó ẹ̀yìn, ó ti wúwo débi pé ọmọ méjì ló ń gbé e. Ẹgbẹ́ mìíràn la kó owó náà fún, kì í ṣe ẹ̀yin, n kò sì ní dárúkọ wọn. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Tiyín tí mo fẹ́ sọ, inú àkọsílẹ̀ gbangba ló wà, ẹnikẹ́ni lè kà á.

Obìnrin ará Léogâne kan wà tí àwa méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó nígbà náà. Mo gbé ìròyìn ike ọ̀dà wa lọ bá a, mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Ó ní, “Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbà á níbẹ̀? Kwa Wouj tiwa ni kí ẹ fún.” Kwa Wouj ni wọ́n ń pe Red Cross ní Kreyòl. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà lára àwọn tó ń bá Kwa Wouj ṣiṣẹ́ láìgbowó. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ mì yẹn, jáàkì mọ́tò tí wọ́n yọ nínú bùútù takisí ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń gbé òrùlé kọnkéré kúrò lórí ènìyàn. Ẹnìkan á máa yí jáàkì, ẹnìkan á máa ti igi bọ abẹ́ rẹ̀, ẹni tó tín-ín-rín jù nínú wọn á wá fi àyà fà wọlé. Bí jáàkì kan bá tẹ̀, wọ́n á wá òmíràn lọ. Ọjọ́ kẹta ni àjèjì kan tó yọjú sí àdúgbò wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n to ohun tó ń dùn mí lẹ́sẹẹsẹ.

1. Háítì ní Red Cross tirẹ̀, àlejò sì ni yín níbẹ̀.

Ìlànà méje ni gbogbo ẹgbẹ́ Red Cross ayé fi búra. Ọ̀kan nínú wọn ni ìṣọ̀kan: ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ Red Cross tàbí Red Crescent kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà, kí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kí iṣẹ́ rẹ̀ sì dé gbogbo ilẹ̀ náà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n ju mí lọ. Àwọn ará Háítì dá tiwọn sílẹ̀ ní 1932, ìgbìmọ̀ Red Cross àgbáyé tó wà ní Geneva sì fọwọ́ sí i ní 1935. Ó ti wà níbẹ̀ lásìkò ìjọba apàṣẹwàá ti Duvalier bàbá àti ọmọ, ó wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí àwọn ológun ń gbàjọba lọ́wọ́ ara wọn, ó sì wà níbẹ̀ ní 2010. Ẹ̀yin, àwọn ará Kánádà, àwọn ará Switzerland, àwọn ará Spéìn àti gbogbo Red Cross tó ya wọ ibẹ̀ lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀, àlejò ni gbogbo yín. Àlejò tó gbé odidi ẹran wá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í lé ìyálé kúrò nídìí ààrò kó wá máa bu ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan Yorùbá nínú èyí. Nínú Vodou, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ àwọn ará Háítì, odidi ìran òòṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní Nago. Ogou tí wọ́n ń bọ níbẹ̀, Ògún wa ni. Àwọn tó gbé e débẹ̀, inú ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n gbé e gbà. Mi ò fi ìyẹn gba ipò ẹbí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ohun kan tún wà tí mo gbọ́ tó yé mi láìsí ògbufọ̀: konbit. Bí iṣẹ́ oko bá pọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan ní abúlé Háítì, á pe konbit. Àwọn aládùúgbò á gbé ọkọ́ dé, ìlù á máa dún, olóko á se oúnjẹ. Ọ̀wẹ̀ ni, ẹ̀yin ará ilé, ọ̀wẹ̀ gan-an. Nínú ọ̀wẹ̀, ta ló ń fi ebè tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ hàn? Olóko ni. Mi ò tíì rí ẹni tí a bẹ̀ lọ́wẹ̀ tó dé oko tó ní òun ni kí wọ́n kó iṣu fún kí òun máa pín in.

Oṣù kẹwàá ọdún 2010 náà ni kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀. Ìdọ̀tí láti àgọ́ àwọn ọmọ ogun àlàáfíà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí wọ́n ti Nepal wá, ló wọ inú omi nítòsí Mirebalais, omi yẹn ló gbé e wọ odò Artibonite, tí àwọn èèyàn ń mu tí wọ́n sì ń fi wẹ̀. Àwọn tó kú tó nǹkan bí 10,000. Àwọn tó ṣàìsàn lé ní 800,000. Títí di ìparí 2016 kí Ban Ki-moon, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà, tó tọrọ àforíjì. Àwọn tó ń ti ojúlé dé ojúlé lọ kọ́ àwọn ìyá bí a ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà, bí a ṣe ń ju oògùn sínú omi kí a tó mu ún, Kreyòl ni wọ́n ń sọ. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣu omi kò ní ráyè gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹnu ògbufọ̀.

2. Owó.

Ibí ni ó ti dùn mí jù, ibẹ̀ ni n ó sì ti pẹ́.

Mílíọ̀nù 488 dọ́là ni ẹ gbà lórúkọ Háítì. Kò sí ẹgbẹ́ aláàánú mìíràn ní Amẹ́ríkà tó gba iye bẹ́ẹ̀ fún ìmìtìtì ilẹ̀ náà. Ó lé ní mílíọ̀nù 32 nínú rẹ̀ tó jẹ́ ti àwọn tó kàn tẹ “HAITI” sórí fóònù wọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà 90999, dọ́là mẹ́wàá mẹ́wàá. Dọ́là mẹ́wàá! Àwọn tó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ fi ránṣẹ́, àwọn ọmọ iléèwé fi ránṣẹ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àwọn oníròyìn ProPublica àti NPR gbé ìwádìí wọn jáde. Ẹ ti sọ fún gbogbo ayé pé ẹ pèsè ibùgbé fún ènìyàn tó lé ní 130,000. Àwọn oníròyìn wá ilé tí ẹ kọ́ tó máa dúró pẹ́, wọ́n kà á: mẹ́fà. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ẹ kà mọ́ 130,000 yẹn, a rí ẹni tó kàn jókòó síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn bí yóò ṣe tún ilé ara rẹ̀ ṣe. A rí ẹni tí ẹ bá san owó ilé fún ìgbà díẹ̀. A rí ẹni tó gba àtíbàbà onípákó tí kò lè lò ju ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Bí mo bá kọ́ ọ bí a ṣe ń pa ẹja, ṣé mo ti fún ọ lẹ́ja ni?

Alẹ́ ọjọ́ tí ìròyìn náà jáde, mo bá obìnrin ará Léogâne yẹn ní yàrá tí a ti ń jẹun. Ó ń kà á lórí fóònù, gíláàsì ojú rẹ̀ ti sọ̀ dé orí imú. Nígbà tó parí, ó wò mí, ó na ìka mẹ́fà sókè. Kò sọ nǹkan kan. Ó fọ ife tíì rẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé, ó padà sídìí iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Campeche. LAMIKA ni ẹ pe iṣẹ́ tí ẹ gbé lọ síbẹ̀, èyí tó túmọ̀ ní Kreyòl sí ìgbé ayé tó sàn jù ní àdúgbò mi. Mílíọ̀nù 24 dọ́là ni. Ètò tí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ni pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé tuntun, tó ní omi àti ilé ìgbẹ́, yóò ti dúró níbẹ̀ kí ó tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013. Nígbà tí àwọn oníròyìn dé ibẹ̀ ní 2015, ilé tuntun kan ṣoṣo kò sí. Àwọn tó ń gbé àdúgbò náà, inú ahéré páànù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà.

Sẹ́nétọ̀ Chuck Grassley ti Iowa tún gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ó sì tẹ àbájáde tirẹ̀ jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2016. Ó rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà, tó tó mílíọ̀nù 124 dọ́là, ni ẹ ná lórí ọ̀rọ̀ abẹ́ ilé tiyín: owó ìpolongo, owó ìṣàkóso, owó àwọn tó ń mójú tó àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀gá àgbà yín nígbà náà, Gail McGovern, ti ní sẹ́ǹtì 91 nínú dọ́là kọ̀ọ̀kan ni yóò dé Háítì. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Kí ló sì fà á? Ọwọ́ tí owó gbà kọjá pọ̀ jù. Ẹ yọ tiyín, ẹ gbé e fún ẹgbẹ́ mìíràn láti ilẹ̀ òkèèrè, àwọn náà yọ tiwọn, wọ́n wá gba òṣìṣẹ́ tó ń gbé ọkọ̀ òfúrufú wá, ẹ̀yin sì tún yọ owó tí ẹ fi ń ṣọ́ wọn. Bí a bá rán ọmọ márùn-ún lọ gbé ẹ̀kọ tó ń gbóná, tí oníkálukú ń tọ́ ọ wò bóyá ó ti tutù, kí ló máa kù nínú ewé?

Ẹ̀yin nìkan kọ́ o. Ọ́fíìsì aṣojú pàtàkì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ka owó tí àwọn ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá àgbáyé ná lórí Háítì láti 2010 sí 2012. Ó lé ní bílíọ̀nù 6 dọ́là. Èyí tó gba ọwọ́ ìjọba Háítì kọjá kò tó ìdá 10 nínú 100. Èyí tó dé ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ àti ilé-iṣẹ́ àwọn ọmọ Háítì ní tààrà jẹ́ 0.6 nínú 100. Ẹ kà á dáadáa: kò pé ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan yóò wá jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á ní Háítì jẹ owó ayé, kò yó.

3. Owó oṣù.

Ìwádìí 2015 yẹn náà ló tú èyí síta: àjèjì kan tí ẹ fẹ́ gbà láti máa bójú tó iṣẹ́ ní Háítì, bí a bá ka owó oṣù, owó ilé, owó oúnjẹ, ìsinmi lóòrèkóòrè àti owó ìkẹ́rù rẹ̀ pọ̀, 140,000 dọ́là ló máa ná yín lọ́dún. Ẹnjiníà àgbà tó jẹ́ ọmọ Háítì, ipò tó ga jù tí ọmọ onílẹ̀ lè dé, 42,000. Òun ló mọ ibi tí omi ń gbà nígbà òjò. Òun ló mọ ẹni tí a ń kí kí a tó wọ àdúgbò.

Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Gbogbo wa tí a ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ yìí mọ bó ṣe máa ń rí lára kí a kọ́ ọ̀gá tuntun níṣẹ́ tí a ti ń ṣe fún ọdún mẹ́wàá, kí ó sì gba ìlọ́po mẹ́ta tiwa.

4. Àwáwí ilẹ̀, àti ibi tí ẹ ti jàre.

Ẹ sọ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló dí yín lọ́wọ́, pé ìwé ilẹ̀ kò dá ṣáká ní Port-au-Prince. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ ní Èkó lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ rí kò ní jiyàn yẹn. Ilẹ̀ kan lè ní onílẹ̀ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Háítì yẹn kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ti kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá díjú, ta ló yẹ kó lọ jókòó pẹ̀lú ẹbí tó ni ín? Ẹni tó wá fún ọdún kan ni, àbí ọmọ àdúgbò tó wọ aṣọ pupa Kwa Wouj, tí wọ́n mọ bàbá rẹ̀?

N kò ní bọ́ sójú ẹlẹ́rìí kí n wá purọ́. Owó yín ṣe nǹkan. Ó wọ inú ilé ìwòsàn ńlá Mirebalais, ó wọ inú abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́lẹ́rà, ó ra tapólì àti omi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ nígbà tí kò sí ohun mìíràn. Àwọn kan wà láàyè lónìí nítorí rẹ̀. Mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín tó wà lórí àga lónìí kò sí níbẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó jogún ilé, òun náà ló jogún gbèsè tó wà lórí rẹ̀.

5. Kwa Wouj pẹ̀lú.

Ẹ̀yin olórí Kwa Wouj ní Port-au-Prince, bí lẹ́tà yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má rò pé mo yọ yín sílẹ̀. Bí owó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ Háítì rí ìṣirò rẹ̀ ní Kreyòl, lára ògiri ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan àti lórí rédíò, bí ó ti wọlé àti bí ó ti jáde. Ẹni tó ń béèrè ìṣirò lọ́wọ́ àlejò gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀ lọ́wọ́.

6. Ìsinsìnyí.

Láti 2010, ọ̀rọ̀ ti burú sí i. Ìjì Matthew fọ́ ìlú Jérémie àti gbogbo ẹkùn Grand’Anse ní 2016. Wọ́n pa Ààrẹ Jovenel Moïse nínú ilé rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2021. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ilẹ̀ tún mì ní gúúsù, ìwọ̀n 7.2, àwọn tó kú lé ní 2,200. Ìgbà yẹn, àwọn ọ̀dọ́ oníbọn ti dí ọ̀nà Martissant, ọ̀nà kan ṣoṣo tó jẹ́ gidi láti olú-ìlú lọ sí gúúsù. Kí ọkọ̀ ẹrù oúnjẹ tó kọjá, wọ́n ní láti bá wọn dúnàádúrà. Nígbà tó fi di 2025, àwọn tó ti sá kúrò nílé wọn nítorí ìbọn lé ní mílíọ̀nù kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, àwọn ọkọ̀ òfúrufú akérò Amẹ́ríkà dáwọ́ bíbalẹ̀ sí Port-au-Prince dúró, lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn lù wọ́n. Ilé ìwòsàn Mirebalais tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn oníbọn wọ ìlú náà ní 2025, ó tilẹ̀kùn. Lọ́dún yẹn náà ni ìjọba Amẹ́ríkà pa USAID, àjọ tó fi ń ran àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́, rẹ́.

Ẹ wá wo ẹni tó kù nílẹ̀. Àwọn àjèjì ń kó òṣìṣẹ́ wọn jáde, ó sì yé mi. Ẹnikẹ́ni tó ní ìwé ìrìnnà máa lò ó. Ẹni tó ń wa áńbúláǹsì Kwa Wouj kò níbi tó ń lọ, nítorí ilé rẹ̀ ni. Ó mọ ẹ̀gbẹ́ títì tí kò séwu láàárọ̀ àti èyí tó léwu lẹ́yìn aago méjì. Ohun tó ń dá a dúró ni epo bẹtiróòlù.

Ní 2016, ní Istanbul, àwọn ìjọba tó ń dáwó àti àwọn àjọ ìrànwọ́ ńláńlá, títí kan Àjọ Àpapọ̀ Red Cross tí ẹ̀yin náà wà nínú rẹ̀, fẹnu kò pé kí ó tó di 2020, ìdá 25 nínú 100 owó ìrànwọ́ ni kó máa dé ọwọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ láìyà síbòmíràn, bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. 2020 dé, ó kọjá. Gbogbo wọn lápapọ̀ kò tiẹ̀ dé ìtòsí rẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín nìyí.

Ẹ tẹ ìṣirò mílíọ̀nù 488 náà jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: iṣẹ́ wo, àdúgbò wo, ẹgbẹ́ wo ló gbà á, èló ni ọwọ́ kọ̀ọ̀kan yọ kí ó tó kan ẹni tí ilé rẹ̀ wó. Kí ó wà ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Faransé, ní Kreyòl. Ọdún ti gorí ọdún, àwọn tó fi dọ́là mẹ́wàá ránṣẹ́ kò tíì kú tán.

Láti òní lọ, bí ẹ bá fi orúkọ Háítì tọrọ owó, ó kéré tán kí ìdajì rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Kwa Wouj tààrà, kí ẹ sì kọ iye náà sójú ibi tí a ti ń san án, kí a tó tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ fi ọmọ Háítì ṣe olórí iṣẹ́ yòówù kí ẹ ṣe ní Háítì, kí owó oṣù rẹ̀ sì jẹ́ ti olórí.

Ìkẹrin, tó jẹ́ pé òun ni mo fẹ́ jù: ẹ má dúró de ìjì. Gbogbo ayé mọ̀ pé ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni àsìkò ìjì ń bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè yẹn, lọ́dọọdún, ìparí oṣù kọkànlá ni ó sì ń tán. Kí oṣù karùn-ún tó parí, kí tapólì, oògùn omi, epo áńbúláǹsì àti owó oṣù awakọ̀ ti wà ní ilé ìkẹ́rù Kwa Wouj ní Jérémie, ní Les Cayes, ní Jacmel àti ní Gonaïves. Ẹrù tó bá ti wà ní Jérémie kò nílò láti kọjá ní Martissant.

Owó Melissa tí ṣọ́ọ̀ṣì wa dá ṣì wà nínú àpótí ní ọ́fíìsì akọ̀wé. A kò tíì fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin ará Léogâne náà ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n mo pè é, ó sì ti fi bí a ṣe lè fi owó ránṣẹ́ sí Kwa Wouj fúnra wọn hàn mí. Àwọn ìgbìmọ̀ ìrànwọ́ wa máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀. Bí ìdáhùn yín bá dé ṣáájú ọjọ́ náà, èmi fúnra mi ni n ó kà á sí wọn létí.

Èmi ni,
Ọmọ Yorùbá kan ní Flatbush, Brooklyn.